Àtúnṣe Ilé Ìrántí Òwò Ẹrú: Ibo La Fi Ẹni Tó Tà Sí?

Bí wọ́n bá pè mí sí ìpàdé lórí àtúnṣe ilé ìrántí òwò ẹrú, òrùlé ni wọ́n sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Páànù ń jò, ikán ti jẹ àjà, ọ̀dà ń ṣí lára ògiri, iná kì í dúró. Wọ́n á ka iye táìsì tí wọ́n fẹ́ rà, wọ́n á ní kí wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n ńlá kan kọ́ sí gbọ̀ngàn. Gbogbo rẹ̀ ló dára. Ṣùgbọ́n kí a tó dé orí owó, mo máa ń bẹ̀ wọ́n pé kí a jọ rìn yí ilé náà ká, kí a máa wá ènìyàn kan. Òyìnbó tó rà wà lára ògiri, òun àti fìlà rẹ̀ àti ìbọn rẹ̀. Ẹni tí wọ́n dè náà wà níbẹ̀, wọ́n gbẹ́ ère rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹni tó mú un láti abúlé rẹ̀ dé etí òkun, tó ná ọjà lé e lórí, tó sì gba owó, òun ni a kì í rí. Àfi bí ẹni pé àwọn tí wọ́n dè fúnra wọn ló fi ẹsẹ̀ rìn wá bá ọkọ̀.

Mo ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ títọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní etíkun wa yìí. Orí irin ni mo ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó máa gbé ọ̀rọ̀ ara ògiri fún mi kọ. Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé ilé ìrántí tí kò bá sọ ẹni tó tà kò tíì kọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́kọ̀ọ́. Ó lè dẹ́rù bani, ó lè pani lẹ́kún, ṣùgbọ́n ẹni tó wá wò ó á padà sílé pẹ̀lú èrò pé àwọn ẹni ibi kan láti òkè òkun ló ṣe é, pé ọ̀rọ̀ náà kò kan òun. Ìdí tí a fi ń náwó sórí irú ilé bẹ́ẹ̀ ni kí ọmọ wa lè mọ bí ẹni tó ń jẹun nílé rẹ̀, tó ń kí aládùúgbò rẹ̀ láàárọ̀, ṣe ń dẹni tó ń fi aládùúgbò náà gba tábà.

Àwọn onímọ̀ tó kó ìwé àwọn ọkọ̀ ẹrú jọ ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí mílíọ̀nù 12.5 ènìyàn ni wọ́n kó kúrò ní Áfíríkà gba orí òkun Àtìláńtíkì, láàárín ohun tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́ta lọ. Nǹkan bí mílíọ̀nù 10.7 ló gúnlẹ̀ láàyè. Nǹkan bí mílíọ̀nù méjì nínú àwọn tí wọ́n kó ló wọ ọkọ̀ ní apá tiwa, láti ẹnu odò Volta títí dé Èkó: ní Ouidah, ní Àjàṣẹ́, ní Àgbádárìgì. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé wá ń wó, tí ogun ń bí ogun ní ilẹ̀ Yorùbá ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọmọ Yorùbá ló wá pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ń kó ní etíkun yìí. Ogun tí àwa fúnra wa ń bá ara wa jà ló sì kó ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti irin, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àtúnṣe ti ń bàjẹ́. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tó ti gbé etí òkun fún ohun tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ ti mu iyọ̀ sára. Ẹ lè fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà rẹ̀ títí á fi dán, kí ẹ fi ọ̀dà dúdú kùn ún kó dà bíi pé alágbẹ̀dẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ ọ́ ni. Kó tó pẹ́, omi pupa á máa sun láti abẹ́ ọ̀dà náà, irin á sì máa bó ní ìpele ìpele. Iyọ̀ inú rẹ̀ ló ń ṣe é. Ohun tí àwa máa ń ṣe ni pé a ó rẹ irin náà sínú omi tí a po kọ́sítíìkì sódà díẹ̀ mọ́, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ ń lò. A ó máa pààrọ̀ omi náà, a ó máa wọn iyọ̀ tó ń jáde. Ó lè gba oṣù púpọ̀. Ìgbà tí iyọ̀ kò bá jáde mọ́ ni a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́, a ó mú un gbẹ, a ó fi tánínì pa á lára, ohun kan náà tó wà nínú èèpo igi tí àwọn oníṣẹ́ awọ ń lò. Ìpẹtà tó kù á di dúdú, á dúró jẹ́ẹ́. Ìda la máa ń fi parí rẹ̀.

A kì í ha á dán. Mo ti tọ́jú ọ̀kan rí tí òrùka rẹ̀ kéré débi pé ọwọ́ ọmọdé nìkan ló lè wọ̀ ọ́. Ojú inú òrùka náà jẹ ju ojú ẹ̀yìn rẹ̀ lọ, ó yọ̀ mọ́ ìka, níbi tó ti ń fi ara lọ ara. Ẹni tó bá fi búrọ́ọ̀ṣì ha ibẹ̀ ti pa ẹ̀rí kan ṣoṣo tí ọmọ náà fi sílẹ̀ rẹ́.

Mo sì dé ilé kan tí agbaṣẹ́ṣe ti ní kí wẹ́dà jó ẹ̀wọ̀n tuntun pọ̀. Wọ́n kùn ún ní ọ̀dà dúdú, wọ́n gbé e síbi tí ojúlówó wà, wọ́n di ojúlówó sínú àpò sìmẹ́ńtì, wọ́n gbé e sẹ́yìn ilé, torí wọ́n ní kò ṣeé wò lójú. Ẹ̀wọ̀n tuntun náà tóbi, ó gbọọrọ, àwọn àlejò ń gbé e kọ́rùn ya fọ́tò. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín nínú fọ́tò náà. N kò dá wọn lẹ́bi. Ohun tí a gbé lé wọn lọ́wọ́ kò fìgbà kankan wà lọ́rùn ẹnikẹ́ni.

Ti ògiri kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ̀pọ̀ ilé ìgbà náà. Ẹni tó bá rẹ́ ẹ ní sìmẹ́ńtì ti dí ọ̀nà mọ́ ọ̀rinrin tó ń gòkè láti inú ilẹ̀. Ara ògiri á máa dán, inú rẹ̀ á máa rà. Amọ̀ ni kí wọ́n fi tún amọ̀ ṣe. Kí wọ́n má sì ṣe fọ́ fèrèsé sí yàrá tí kò ní fèrèsé, bó ti wù kí ooru mú àlejò tó.

Ẹni tó kọ́ wa ní ohun tí ooru yẹn jẹ́ ni Àjàyí Crowther. Ní 1837, ó kọ lẹ́tà gígùn kan nípa bí wọ́n ṣe kó òun lẹ́rú. Ọmọ Òṣogùn ni, 1821 ni ogun wọ ìlú náà. Nígbà tí wọ́n mú un dé Èkó, wọ́n to àwọn ọmọdékùnrin pọ̀ mọ́ àwọn àgbà lórí ẹ̀wọ̀n gígùn kan, òrùka irin lọ́rùn oníkálukú. Bí inú bá bí àgbà kan, á fa ẹ̀wọ̀n náà, ọrùn àwọn ọmọdé á sì bó. Lóru, àwọn àgbà á fa ẹ̀wọ̀n mọ́ra kó má baà wúwo jù fún wọn láti sùn, èémí àwọn ọmọ á fẹ́rẹ̀ẹ́ pin. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni yàrá náà ní, wọ́n á sì tì í ní kété tí wọ́n bá ti wọlé. Abẹ́ òrùlé nìkan ni afẹ́fẹ́ ń gbà. Ìgbà tí àwọn tí wọ́n kó wá pọ̀, tí ẹ̀wọ̀n kò tó mọ́, ni wọ́n tó yọ àwọn ọmọdé kúrò láàárín àwọn àgbà. Gbogbo ẹ̀wọ̀n ọrùn tí mo bá bá nínú ilé ìrántí kan, ìtàn yìí ni mo máa ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò sí àwòrán tí ayàwòrán lè yà tó tó o.

Ṣùgbọ́n ẹ tún lẹ́tà náà kà, kí ẹ máa wo àwọn tó wà nínú rẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí Ọ̀yọ́ àti àwọn Fúlàní pẹ̀lú àwọn ẹrú tó wà lẹ́yìn wọn ló kó Òṣogùn. Wọ́n fi Àjàyí ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin kan. Ẹṣin náà kò tẹ́ni lọ́rùn, wọ́n dá ọmọ padà fún ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀. Nígbà tó ṣe, wọ́n tún tà á gba ọtí àti tábà. Ọwọ́ olówó tó gbà kọjá kì í ṣe ọ̀kan, kì í ṣe méjì, kó tó dé ọwọ́ àwọn Potogí ní Èkó. Àwọn tó sì ń tà á gbọ́ èdè rẹ̀. Wọ́n gbọ́ nígbà tó ń sunkún ìyá rẹ̀. Ní oṣù kẹrin 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, Myrmidon, gba ọkọ̀ tí wọ́n kó o sí, wọ́n gbé e lọ sí Freetown. Ó di 1846 kó tó tún fojú kan ìyá rẹ̀, ní Abẹ́òkúta.

N kò sọ èyí láti dá òyìnbó láre. Ọkọ̀ wọn ló wá, owó wọn ló ń fa ogun, ìbọn wọn ló ń jà á, òfin wọn ló sì sọ ọmọ inú oyún di ẹrú títí ayé. Àwọn Potogí kọ́ odi sí Ouidah ní 1721, odi náà sì wà lọ́wọ́ wọn títí di 1961 tí ìjọba Dàhọ̀mì, tí a ń pè ní Bẹ̀nẹ̀ báyìí, gbà á, tí àwọn Potogí sì dáná sun ún kí wọ́n tó jáde. Inú odi yẹn ni wọ́n sọ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1967. Ẹ̀bi wọn kún inú ìwé, ó sì yẹ kó kún ara ògiri. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí ẹ̀bi tiwa náà ní ògiri tirẹ̀, kí ó má jẹ́ ìlà kan tí wọ́n há sí ìsàlẹ̀ pátákó níbi tí kò sẹ́ni tó máa bẹ̀rẹ̀ kà á.

Bí ilé kan bá wà tí àtúnṣe rẹ̀ yẹ kó dá lé èyí, ilé Sẹ̀ríkí Williams Abass ní Àgbádárìgì ni, èyí tí wọ́n ń pè ní Brazilian Baracoon. Ìtàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni pé ọmọ Ìjógà-Orílé ni, Fárẹ̀mí lorúkọ rẹ̀, wọ́n kó o lẹ́rú ní kékeré, ó bọ́ sọ́wọ́ oníṣòwò ará Brazil kan tó ń jẹ́ Williams. Ẹni yìí kọ́ ọ ní ìwé, ó kọ́ ọ ní èdè òyìnbó oríṣiríṣi. Nígbà tí ó padà wálé, òwò ẹrú náà ló ń ṣe. Ó lówó, ó joyè, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi í ṣe olórí agbègbè, ó kú ní 1919, inú ọgbà náà ni sàréè rẹ̀ wà. Àlejò á wo yàrá tóóró tí wọ́n ní ogójì ènìyàn ń sùn sí, á wo àwòrán Sẹ̀ríkí nínú aṣọ oyè, á sì jáde. Kò sẹ́ni tó dá a dúró láàárín yàrá àti àwòrán láti bi í pé báwo ni ọmọ tí wọ́n tà ṣe dàgbà di ẹni tó ń ta ọmọ. Ká ní wọ́n fún mi láṣẹ, n bá gbé Fárẹ̀mí ọmọdé sí ògiri kan, kí n gbé Sẹ̀ríkí sí ògiri tó kọjú sí i, kí n sì fi àga sáàárín fún ẹni tó bá fẹ́ jókòó rò ó.

Kì í ṣe òun nìkan. Ẹfúnróyè Tinúbú ta ẹrú, ó ta ìbọn, ó ta iyọ̀ àti tábà. Òun náà ló pèsè ohun ìjà fún Abẹ́òkúta láti fi kojú ogun Dàhọ̀mì. Gbàgede kan ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ láàárín Èkó, ọmọ ilé ìwé sì ń kọ́ ìdajì ìtàn rẹ̀. N kò ní kí wọ́n yọ orúkọ náà. Ìdajì kejì ni mo ní kí wọ́n kọ sí i.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí le fún jù ni àwọn ìdílé. Ní etíkun yìí, ọ̀pọ̀ ohun tó kù nínú òwò náà wà lọ́wọ́ ọmọ àwọn tó ṣe é. Ìdílé Mobee ní Àgbádárìgì kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àti àwọn irin mìíràn síta kí gbogbo ayé máa wá wò ó nínú agbo ilé wọn. Wọn ì bá ti jù wọ́n sínú ọ̀sà, kí wọ́n sì lanu sọ pé àwọn kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìjọba kò tíì ní irú ìgboyà yẹn, ìdí nìyẹn tí inú mi kì í fi í dùn tí àwọn oníṣẹ́ àtúnṣe bá wọ irú ilé bẹ́ẹ̀ bíi pé wọ́n wá gba ẹrù lọ́wọ́ onílé.

Bàbá kan, àgbà nínú irú ìdílé bẹ́ẹ̀ níbòmíràn, pè mí sẹ́yìn ilé nígbà tí a ń kọ àlàyé tuntun. Ó ní, "Ọmọ mi, ohun tí o kọ yìí, ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa nàka sí àwọn ọmọ ọmọ mi ní mọ́sálásí ni?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, bàbá. Àwọn tó máa nàka ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Àwọn ọmọ yín ni kò mọ̀ ọ́n."

Ó wo ilẹ̀ títí. Ó ní, "Ta ló máa wá sọ ọ́ fún wọn?"

Mo ní, "Ta ló tún tó o sọ bí ẹ̀yin?"

Ohùn bàbá náà la gbà sílẹ̀. Ó sọ ohun tí bàbá tirẹ̀ sọ fún un: ẹni tó ṣe òwò náà, ọjà tí wọ́n ń gbà, yàrá tí wọ́n ń kó wọn sí. Ó ní òun kò fi í yangàn, òun kò sì ní purọ́ mọ́ òkú. Gbogbo àlàyé tí mo fọwọ́ mi kọ sínú ilé náà kò tó ohùn yẹn, torí ọ̀rọ̀ tí àlejò kọ á máa dún bí ẹ̀sùn, ti onílé sì jẹ́ ẹ̀rí.

Ọmọ ilé ìwé kan ló béèrè ìbéèrè tó dára jù tí mo tíì gbọ́ nínú iṣẹ́ yìí. Afinimọ̀nà wa ń sọ iye ènìyàn tí wọ́n kó, ọmọ náà nawọ́ sókè: "Àǹtí, ta ló jẹ owó náà?" Afinimọ̀nà wò mí, kò sí ìdáhùn lára ògiri kankan nínú ilé náà. Láti ìgbà yẹn, mo máa ń bẹ gbogbo ẹni tó bá pè mí pé kí wọ́n ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún owó náà. Kí wọ́n kó owó ẹyọ sí i, kí wọ́n sì sọ pé láti erékùṣù Maldives, lọ́nà jíjìn réré ní òkun Íńdíà, ni òyìnbó ti ń kó ọ̀pọ̀ rẹ̀ wá. Kí wọ́n gbé ìbọn àti aṣọ sí i, kí wọ́n gbé ìgò ọtí sí i. Kí wọ́n ká tábà sí i. Tábà Bahia, láti Brazil, ni àwọn oníṣòwò etíkun wa fẹ́ràn jù: èyí tí kò dára tó láti kó lọ fún àwọn Potogí nílé, tí wọ́n wá rẹ sínú omi ìrèké dídùn, tí wọ́n lọ́ bí okùn, tí wọ́n ká jọ ní róòlù ńláńlá. Kí àwọn ọmọ fi imú gbọ́ òórùn rẹ̀. Aṣọ gbó, ọtí tán, tábà di èéfín, ìbọn padà lọ sí òkè láti lọ kó àwọn mìíràn wá. Ọmọ tó bá jáde nínú yàrá yẹn lè dá ara rẹ̀ lóhùn, ó sì lè bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mìíràn nígbà tí ẹnìkan bá wá sọ fún un pé iṣẹ́ olówó ńlá wà ní Líbíà. Ní 2017, gbogbo ayé rí fídíò tí wọ́n ti ń ta ọmọ aláwọ̀ dúdú ní gbàǹjo ní orílẹ̀-èdè yẹn. Àwọn tó mú ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ wa dé ọ̀nà yẹn náà gbọ́ èdè wọn.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìtàn ẹnu. Bí ẹ bá sọdá ọ̀sà ní Àgbádárìgì lọ sí Gbẹ̀rẹ̀fú, wọ́n á fi kànga kan hàn yín lójú ọ̀nà etí òkun, wọ́n á ní ẹrú tó bá mu omi rẹ̀ á gbàgbé ilé. Ní Ouidah, igi ni: ọkùnrin á yí i ká lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án, obìnrin lẹ́ẹ̀méje, wọ́n á gbàgbé. Ní Àgbádárìgì, wọ́n á tún sọ pé agboòrùn kan ni wọ́n fi ń ra ogójì ènìyàn. Àwọn kan fẹ́ kí a yọ gbogbo èyí kúrò nígbà àtúnṣe torí kò sí nínú ìwé. Àwọn mìíràn fẹ́ kí a kọ ọ́ bíi pé wọ́n rí i nínú ìwé ọjà. Èmi ní kí a fi sílẹ̀, kí a kọ ọ́ gedegbe pé ohun tí àwọn bàbá sọ fún wa nìyí, kí a sì gbé ìwé ọkọ̀ tó bá wà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ènìyàn wo méjèèjì.

Nípa ti ìgbàgbé yẹn, mo ní ohun kan sọ. Àwa tí a kù sílé ni à ń sọ pé wọ́n gbàgbé. Àwọn tó lọ kò gbàgbé. Wọ́n gbé Ṣàngó àti Ọ̀ṣun dé Bahia, wọ́n gbé wọn dé Kúbà, wọ́n ṣì ń kọrin wọn lónìí. Ní 1860, nígbà tí òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọlé léèwọ̀ láti 1808, ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Clotilda kó 110 ènìyàn ní Ouidah lọ sí Mobile ní ìpínlẹ̀ Alabama. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń sọ Yorùbá. Ọ̀kan nínú wọn ni Oluale Kossola, tí wọ́n ń pè ní Cudjo Lewis níbẹ̀. Ogun Dàhọ̀mì ló kó ìlú rẹ̀. Títí ó fi kú ní 1935, ó ń sọ ìtàn ilé, ó sì ń sọ ẹni tó tà á. Òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Zora Neale Hurston, jókòó tì í, ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ìwé náà kò sì jáde títí di 2018. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ọ̀gá ọkọ̀ Clotilda sun ọkọ̀ náà kí ẹ̀rí má baà sí. Ní 2019, àwọn onímọ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé wọ́n ti rí ìyókù rẹ̀ nínú odò, ní 2023 wọ́n ṣí ilé ìrántí kan ní Africatown, ìlú tí àwọn tó ti inú ọkọ̀ náà wá tẹ̀ dó. Inú omi ni wọ́n gbé àwọn ègé pákó rẹ̀ sí nínú ilé náà, torí pákó tó ti pẹ́ lábẹ́ omi bẹ́ẹ̀ á là, á sì fún pọ̀ bó bá gbẹ lójijì. Ilé yẹn wù mí púpọ̀. Àwọn ọmọ ọmọ àwọn ará ọkọ̀ náà wà lára àwọn tó ń sọ ìtàn rẹ̀, wọn kò sì fi Dàhọ̀mì pamọ́.

Irú àwọn ènìyàn yẹn ló ń wá bá wa láti Amẹ́ríkà àti Brazil. Wọ́n á rìn lórí iyanrìn Gbẹ̀rẹ̀fú dé ibi tí òkun wà, wọ́n á sunkún. A máa ń kí wọn káàbọ̀, a máa ń lu ìlù fún wọn, a máa ń fún wọn lórúkọ. Bí a bá wá sọ gbogbo ẹ̀bi di ti òyìnbó níwájú wọn, wọ́n á mọ̀. Àwọn bàbá ńlá wọn ti sọ fún wọn. Ní 1999, Ààrẹ Mathieu Kérékou ti Bẹ̀nẹ̀ kúnlẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Baltimore, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn nítorí ipa tí àwọn ènìyàn tirẹ̀ kó nínú òwò náà. Ó yẹ kí àwòrán ìkúnlẹ̀ yẹn wà nínú gbogbo ilé ìrántí tó wà ní etíkun yìí.

Àwọn ohun kan sì wà tí kò yẹ ká ṣe àtúnṣe sí, tàbí ká gbé síta rárá. Ní Auschwitz ní Póláǹdì, níbi tí ìjọba Hitler ti pa ènìyàn tó ju mílíọ̀nù kan lọ, wọ́n ń tọ́jú bàtà àwọn òkú lọ́kọ̀ọ̀kan. Irun tí wọ́n gé lórí wọn nìkan ni wọn kì í fi kẹ́míkà kan. Wọ́n ní ara ènìyàn ni, kí ó máa lọ bó ṣe ń lọ. Ní Zoungbodji, nítòsí Ouidah, níbi tí wọ́n ń sin àwọn tó kú kí ọkọ̀ tó dé, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbẹ́ egungun jáde fún àlejò wò. Òkúta ìrántí tó wà lórí ilẹ̀ náà tó.

Orúkọ ni kí a gbé síta. Nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì bá gba ọkọ̀ ẹrú lójú òkun, wọ́n á kó àwọn ènìyàn inú rẹ̀ lọ síwájú ilé ẹjọ́ ní Freetown tàbí ní Havana. Akọ̀wé á kọ orúkọ wọn, ọjọ́ orí wọn, àti bí wọ́n ṣe ga tó. Àwọn orúkọ tí wọ́n ti rí kó jọ nínú àwọn ìwé yìí ju 90,000 lọ, ẹnikẹ́ni sì lè kà wọ́n lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Akọ̀wé kò gbọ́ Yorùbá, ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ ló kọ, nítorí náà ẹ ní láti kà á sókè kí orúkọ náà tó yọjú. Ẹ ó rí Òjó. Ẹ ó rí Àìná, ẹ ó rí Ìdòwú, ẹ ó sì rí i pé ọmọ kan tí kò ga ju tábìlì lọ ń jẹ́ orúkọ ẹ̀gbọ́n yín. Mo ti rí àwọn ìyá àgbà tí kò kàwé tí wọ́n tú orúkọ tí àwa oníwèé kò mọ̀, nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ láti ẹnu ẹni tó ń kà á. Iṣẹ́ yìí kò gba owó púpọ̀. Ògiri kan ló gbà, àti ẹni tó mọ̀wé kà.

Ṣùgbọ́n ẹni tó máa dúró ti ògiri náà ló ṣe pàtàkì jù, òun sì ni wọ́n máa ń rántí gbẹ̀yìn nínú ìwé ìnáwó. Afinimọ̀nà tó mọ lẹ́tà Àjàyí, tó lè ṣàlàyé tábà Bahia fún ọmọ ọdún mẹ́wàá, tó mọ̀gbà tó yẹ kí òun dákẹ́ fún ẹni tó ń sunkún, kò lè máa fi owó ọkọ̀ nìkan ṣiṣẹ́. Kí wọ́n san owó oṣù gidi fún un. Kí wọ́n fún un ní oṣù mélòó kan láti kàwé kí wọ́n tó ṣí ilé náà, kí ó sì lọ jókòó ti àwọn ìdílé tó ni ìtàn, kí wọ́n lè gbọ́ láti ẹnu rẹ̀ ohun tó fẹ́ sọ nípa bàbá wọn kí àlejò kankan tó gbọ́ ọ.